Yanrìn Ni Wọ́n Tà Fún Wa

 Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn wa tí a ò lè gbé mì. Àwọn ilé ìgbafẹ́ kan wà ní etí òkun Èkó tó ń gba owó lórí ohun tí wọn kò ní, tí wọ́n ń fi ohun tó wà níbẹ̀ pa mọ́, tí wọ́n sì ń fojú àlejò wo àwọn tó nilẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ta erùpẹ̀ ni yóò gba owó òkúta. Ní Èkó tòde òní, ẹni tó ta yanrìn ń gba owó gidi. Àwa tí a rà á ni òkúta kù sí lọ́wọ́.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ kí wọ́n tó kà á dé ìdajì: "Ẹ lọ jayé, ayé ò dùn tó bí ẹ ṣe rò, ẹ wá ń pariwo." Rárá o. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì ló le tàbí pé ẹ̀fọn ló pọ̀, a ó fi rẹ́rìn-ín, a ó sì gbàgbé. Ohun tó ń bí wa nínú ju ìyẹn lọ. Èrò wa rèé ní ṣókí: ilé ìgbafẹ́ tó bá kọ orúkọ, èdè, oúnjẹ àti àwọn èèyàn ibi tó wà sílẹ̀, kò sí nǹkan kan tó kù fún un láti tà ju yanrìn lọ. Yanrìn ọ̀hún gan-an, òun kọ́ ló ni ín.

Ohun tí a rà àti ohun tí a gbà

Àwa mẹ́sàn-án ni a dá àjọ fún oṣù márùn-ún kí a lè lọ sinmi ní Ilashe lẹ́yìn ìdánwò. Owó àjọ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe owó yẹpẹrẹ. Gbogbo ọ̀sán tí gààrí fi rọ́pò ìrẹsì ló wà nínú ẹ̀. A ò ní dárúkọ ibi tí a wọ̀ sí, nítorí pé ẹjọ́ wa kì í ṣe pẹ̀lú ẹnì kan ṣoṣo. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ṣùgbọ́n bí bàtà bá bá ẹnikẹ́ni mu, kó wọ̀ ọ́.

Ìpolówó wọn sọ pé N45,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa san fún alẹ́ méjì. Wọ́n ní yàrá wà nínú ẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ wà nínú ẹ̀, iná wákàtí 24 wà nínú ẹ̀, ọkọ̀ ojú omi náà wà nínú ẹ̀. Nígbà tí a dé èbúté ni wọ́n tó ṣàlàyé pé ọkọ̀ àlọ nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn, pé ọkọ̀ àbọ̀ jẹ́ N8,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ rò ó wò ná. Omi ló wà láàárín wa àti ilé, ta ló fẹ́ dúró síbẹ̀ láti ná ọjà? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: wọ́n tún gba owó ìdógò N5,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, pé àwọn máa dá a padà. Lọ́jọ́ tí a ń lọ, wọ́n yọ N2,000 nínú ti àwọn mẹ́ta nínú wa nítorí pé yanrìn wà lára táwẹ̀lì wọn. Ibo ni wọ́n fẹ́ kí yanrìn wà? Ṣebí etí òkun náà la lọ.

Iná wákàtí 24 di jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń tàn ní aago méje alẹ́, tí wọ́n sì ń pa ní aago mọ́kànlá. Omi ẹ̀rọ inú balùwẹ̀ ní iyọ̀ nínú débi pé ọṣẹ ò hó. Nígbà tí a sọ ọ́, ọ̀gá ibẹ̀ ní etí òkun náà nìyẹn, pé bí omi ibẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn. Irọ́ ni. Omi dídùn wà lábẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, òjò ló ń fún un, orí omi iyọ̀ ló sì léfòó sí. Bí ẹ̀rọ bá ń fà á ju bí òjò ṣe ń dá a padà lọ, iyọ̀ á gòkè wá. Àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ń pọn omi dídùn nínú kànga wọn. Ìyá kan níbẹ̀ sọ fún wa pé kànga tiwọn kò jìn, àti pé àwọn kì í fà á gbẹ. Ó yé ẹni tí kò lọ sí yunifásítì. Ẹni tó kọ́ ilé olówó ńlá sórí yanrìn kan náà ni kò yé.

Oúnjẹ ńkọ́? Láti ibi tí a jókòó sí ni a ti ń wo àwọn apẹja tí wọ́n ń gbé ẹja tútù gúnlẹ̀. Ẹja títù inú yìnyín ni wọ́n sè fún wa. Igi àgbọn tò lọ lẹ́bàá òkun bí ọmọ iléèwé tó tò fún àpèjọ òwúrọ̀. Omi àgbọn inú páálí tó ti òkè òkun wá ni wọ́n ń tà. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa béèrè bóyá wọ́n lè bá wa gé àgbọn kan, wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ ni àwọn igi yẹn jẹ́, pé fọ́tò la fi ń ya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ wà nínú ẹ̀.

"Nàìjíríà nìyẹn, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe?"

Èyí ni èsì tí a gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ wa nígbà tí a dé. Èsì yìí ló jẹ́ kí ìwà náà máa gbilẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu géètì wa kò gbọdọ̀ sọ pé N500 ni, kó wá gba N700 lẹ́yìn tí a ti jẹ ẹ́ tán. Bó bá dán an wò, gbogbo èèyàn ló máa mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ló dé tí a wá fi ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó wọ kóòtù?

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá kò gbà fún wọn. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, sọ pé kí ẹni tó ń ta ọjà tàbí iṣẹ́ fi iye rẹ̀ hàn kedere, àti pé kò gbọdọ̀ fi dandan gba iye tó ju èyí tó ti fi hàn lọ. Òfin náà kò sọ pé "àfi bó bá jẹ́ etí òkun." Kò sọ pé "àfi bó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni oníbàárà." Ó yẹ kí àwọn tó ń kọ́ wa pé ká máa dúpẹ́ lórí ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú wa mọ̀ pé ọpẹ́ yàtọ̀ sí ìtẹríba. Ẹni tó bá sanwó ló lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè.

Hawaii tí kò sọ èdè Hawaii

Ẹ jẹ́ ká wá sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá ju ẹnikẹ́ni lọ, àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè.

Orúkọ erékùṣù òkèèrè ni wọ́n sọ gbogbo yàrá ibẹ̀. Àwa márùn-ún sùn ní "Hawaii", àwa mẹ́rin sùn ní "Maldives", ẹ̀fọn kan náà ló jẹ wá. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan lára ògiri, lára pátákó, tàbí nínú ìwé oúnjẹ. Kò sí ti Ègùn náà, bẹ́ẹ̀ àwọn Ègùn wà lára àwọn tó ń gbé etí ọ̀sà náà, àti àwọn Àwórì, àti àwọn Ìlàjẹ tó bá iṣẹ́ ẹja dé. A kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé oúnjẹ wá pé, "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn kó tó dá wa lóhùn, ohùn jẹ́jẹ́ ló sì fi dá wa lóhùn. Ó ní wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí àwọn máa sọ níwájú àlejò, pé èdè abínibí ń já ibẹ̀ wálẹ̀.

Ó ń já a wálẹ̀ láti ibo? Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n nípa Hawaii tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn. Láti ọdún 1978 ni èdè Hawaii ti jẹ́ èdè ìjọba ní ìpínlẹ̀ náà, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ Hawaii ló wà lára òpópónà wọn, "aloha" sì ni wọ́n fi ń kí àlejò. Èdè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, wọ́n jí i dìde ní iléèwé àwọn ọmọdé. Àlejò tó bá lọ síbẹ̀ kò ní padà sílé láì mọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n nípa Maldives náà. Dhivehi ni èdè ibẹ̀, inú rẹ̀ sì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ wọn "atoll", èyí tí wọ́n fi ń pe erékùṣù tó rí bí òrùka. Àwọn èèyàn kékeré tó wà láàárín òkun fún Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀. Àwa tí a pọ̀ tó yìí, a ń fi Gẹ̀ẹ́sì bo ẹnu ọmọ wa nínú ilé rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé àwòkọ ibi tó lókìkí ni wọ́n ń ṣe. Wọn ò wò ó dáadáa. Ohun tó wà nínú fọ́tò nìkan ni wọ́n rí: àga onípákó, agbòòrùn, ohun mímu aláwọ̀ méjì. Wọ́n fi èdè sílẹ̀, wọ́n fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n fi ìgbéraga ẹni tó mọ ibi tó ti wá sílẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n pàdánù? Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kò sí nítòsí, jókòó tì wá fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Abúlé kan létí ọ̀sà ni wọ́n ti bí i, apẹja ni bàbá rẹ̀. Ó sọ ọjọ́ tí wọn kì í ju àwọ̀n àti ìdí rẹ̀ fún wa. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń wo àwọ̀ omi kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹja wà níbẹ̀. Ó sọ ìdílé tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí ibi tí ilé ìgbafẹ́ náà wà, àti oríkì tí wọ́n fi ń kí wọn. Ogún ìṣẹ́jú yẹn ló dára jù nínú ọjọ́ mẹ́ta tí a lò. Kò sí nínú ìpolówó. Wọn ò gbowó lé e lórí. Wọ́n tilẹ̀ kà á léèwọ̀.

Ẹnì kan máa sọ pé ilé ìgbafẹ́ kì í ṣe kíláàsì, pé ẹni tó wá sinmi kò wá kọ́ oríkì. A gbà. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n fi àròkọ dá àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àlejò tó bá fẹ́ yanrìn, bẹ́ẹ̀dì àti tẹlifíṣọ̀n nìkan kò nílò láti la ọ̀sà kọjá. Èèyàn máa ń rìnrìn àjò nítorí pé ibì kan yàtọ̀ sí ibòmíràn. Bí ẹ bá ti pa ìyàtọ̀ náà rẹ́, kí lẹ wá ń tà?

Ọgbà tó wọ inú omi

Ìpolówó wọn ń pe Ilashe ní erékùṣù. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé irú ilẹ̀ tó jẹ́. Ilẹ̀ yanrìn tóóró ni. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà tó lọ sí Àgbádárìgì wà ní àríwá rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí Tarkwa Bay wà, ó sì nà lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó gba Ilashe kọjá, ó lọ dé Gberefu lódìkejì Àgbádárìgì. Yanrìn kan náà ni. Àwọn èèyàn ti ń rìn lórí rẹ̀, tí wọ́n ń pẹja lórí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìsinmi ìparí ọ̀sẹ̀.

Ilé ìgbafẹ́ tí a lọ gbé ọgbà rẹ̀ wọ inú omi. Igi àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún ni, ó ti òkè yanrìn wá títí dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n létí òkun á mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọkọ̀ á gbé àwọ̀n lọ sí ojú òkun, á fi yípo ẹja, okùn méjèèjì á sì wà ní èbúté. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá tò sídìí okùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa fà á, wọ́n á máa rìn sún mọ́ ara wọn lórí yanrìn títí tí àwọ̀n á fi gúnlẹ̀. Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ àyè gbọọrọ. Bí ẹ bá fi ọgbà mẹ́ta pín etí òkun kan, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ abúlé kan láì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Màmá kan ń ta ẹja díndín àti ègbo lẹ́yìn ọgbà náà. Wọ́n ti lé e kúrò níwájú géètì lẹ́ẹ̀mejì lójú wa. A gba àárín wáyà ra ẹja lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa jẹun. Ibí yìí ni mo ti ń tajà kí àwọn wọ̀nyí tó dé." Ẹja yẹn nìkan ni oúnjẹ etí òkun tí a jẹ ní etí òkun.

A mọ̀ pé òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà, kó lè máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. A tún mọ̀ pé ní Hawaii tó wà lára ilẹ̀kùn yàrá wa, ti gbogbo èèyàn ni etí òkun jẹ́ lábẹ́ òfin, kódà níwájú ilé ìtura tó wọ́n jù. Olówó lè kọ́ ilé sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò lè ti òkun pa.

A ò sọ pé ilé ìgbafẹ́ ló dá gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó nílẹ̀ yìí, kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó Máròkó, nǹkan bí 300,000 èèyàn ló sì di aláìnílé. Àwọn ilé olówó ló wà ní agbègbè yẹn lónìí. Bar Beach tí àwọn òbí wa ti máa ń ṣe fàájì lọ́fẹ̀ẹ́ ti di Eko Atlantic. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò ní Tarkwa Bay, wọ́n ní nítorí àwọn tó ń jí epo nínú ọ̀pá ni. Ìdí máa ń yàtọ̀. Ẹni tó máa dìde kì í yàtọ̀.

Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé a ń fún àwọn ọmọ abúlé níṣẹ́ ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, a rí i. Ọmọ apẹja ló ń gbé ẹja títù fún àlejò. Bí ẹ bá fẹ́ fún abúlé níṣẹ́ lóòótọ́, ẹ ra ẹja bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Màmá ẹlẹ́gbo wọlé kó wá tajà. Ẹ gba ẹni tó mọ omi síṣẹ́, kó máa gbé àlejò kiri inú ọ̀sà. Iṣẹ́ tó bá ń sọ èèyàn di àlejò nílé bàbá rẹ̀, kó má fi ṣe ojú rere sí i.

Èdè tó lè gba ẹ̀mí là

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé ọ̀rọ̀ èdè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmúra lásán, kó gbọ́ èyí.

Àwa mẹ́rìnlá ni a wà nínú ọkọ̀ tó gbé wa kọjá. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀, okùn méjì nínú wọn ti já. Nígbà tí a béèrè, wọ́n ní kò jìnnà. LASWA, àjọ tó ń bójú tó ojú omi ní Èkó, ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé kí ẹnikẹ́ni má wọ ọkọ̀ ojú omi láì wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì. A gbọdọ̀ sọ pé ẹni tó ta ìsinmi fún wa ló gbé wa sínú ọkọ̀ yẹn. Bí ọkọ̀ bá wà nínú iye tí a san, ààbò wà nínú ẹ̀ náà.

Òkun ibẹ̀ kì í ṣe òkun inú fọ́tò Maldives, níbi tí òkúta inú omi ti ń dá ìgbì dúró kó tó dé etí ilẹ̀. Àtìláńtíìkì tiwa ń wọlé ní tààrà, omi tó bá sì ń padà lè fa ẹni tó mọ ìwẹ̀ lọ. Pátákó kan ṣoṣo ni wọ́n fi síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sí i, ohun tó sì sọ ni pé ẹni tó bá wọ omi, ọwọ́ ara rẹ̀ ló wà. Kò sí olùṣọ́ omi kankan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ní kó má sọ Yorùbá yẹn ló sọ fún wa pé, "Ẹ má wọ apá ibẹ̀ yẹn o, omi máa ń fà níbẹ̀. Bó bá fà yín, ẹ má bá a jà, ẹ máa gba ẹ̀gbẹ́ jáde." Gbólóhùn méjì péré ni, kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ilé ìgbafẹ́ náà, òun nìkan ló lè gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni là, èdè tí wọ́n kà léèwọ̀ ló sì fi sọ ọ́.

Ìgbàgbé kì í ṣe ìsinmi

Lórí yanrìn kan náà yìí ni Gberefu wà. Púpọ̀ nínú yín ti bá ẹ̀ka wa lọ síbẹ̀. Ẹ rántí bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe mú wa rìn lójú ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ sí òkun, tí wọ́n ń sọ ìtàn náà ní Yorùbá àti ní Ègùn. Ẹ rántí kànga tí wọ́n ní ẹni tó bá mu omi rẹ̀ á gbàgbé ilé. Kò sí iná wákàtí 24 níbẹ̀, kò sí agbòòrùn aláwọ̀ mèremère. Síbẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú wa tó sọ pé òun pàdánù owó òun. A mu omi àgbọn tí wọ́n gé lójú wa, a bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, a padà pẹ̀lú ìtàn tí a ṣì ń sọ títí di òní. Ní Gberefu, ìbànújẹ́ ni kànga ìgbàgbé jẹ́. Ní Ilashe tí a lọ, ìgbàgbé náà ni ọjà tí wọ́n pa lówó.

A ò bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó ṣòro. Ẹ̀yin tí ẹ ni àwọn ilé ìgbafẹ́ yìí, ẹ kọ gbogbo owó tí ẹ máa gbà sójú kan, kí oníbàárà tó san kọ́bọ̀. Ẹ sọ wákàtí tí iná máa wà ní tòótọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ kan gbéra bí láìfù jákẹ́ẹ̀tì kò bá ká gbogbo èrò. Ẹ ra ẹja àti àgbọn lọ́wọ́ abúlé. Ẹ fa ọgbà yín padà kúrò nínú omi. Ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ yín sọ èdè wọn. Kí ẹ sì béèrè orúkọ ibi tí ẹ wà lọ́wọ́ àwọn tó nilẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá nílò ẹni tó máa bá yín fi àmì ohùn sí i, àwa wà ńlẹ̀, a ò ní gbowó.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kí ẹ tó dá àjọ tiyín, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ sì fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n pé irú ẹja wo ni wọ́n ń sè, ta ló pa á, ṣé ọkọ̀ àbọ̀ wà nínú owó. Bí wọ́n bá ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ máa sọ, ẹ dákẹ́, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ gbé owó yín lọ síbòmíràn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ni wọ́n ń wò gan-an, nítorí pé owó yín ju tiwa lọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ lẹ́nu géètì wọn á tètè wọlé ju tiwa lọ.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òkun kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tó bá fẹ́ gbowó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó kéré tán, kó mọ orúkọ ibi tó dúró sí.